Ẹ Má Purọ́ fún Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Kí ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà yẹ áńtẹ́nà kúkúrú wò fi òwe yìí sọ́kàn, torí kọ̀ǹpútà kì í dá irọ́ pa. Irọ́ tí a bá fún un ló máa dá padà fún wa, pẹ̀lú àwòrán mèremère.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa ní Park Hill, Staten Island, ní Amẹ́ríkà. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà ní 1989 lé ọ̀pọ̀ èèyàn wá síbẹ̀, débi pé Little Liberia ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Inú fúláàtì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ rédíò ham níbẹ̀, tó fẹ́ kàn sí Monrovia tàbí Ìbàdàn lórí 7.1 MHz, ọ̀pá tó ga tó mítà 10.5 ló yẹ kó ní. Lánlọ́ọ̀dù wo ni yóò gbà? Òfin FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, tó gba ayálégbé láyè láti gbé díìṣì tẹlifíṣọ̀n sí bákónì rẹ̀ kò dáàbò bo áńtẹ́nà ham. Ọ̀pá mítà 3 tó ṣeé gbé jáde, tó ṣeé tú palẹ̀, ni ọgbọ́n tó kù.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ EZNEC ni mo máa ń dámọ̀ràn. Roy Lewallen tó ṣe é ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2022. Bí ẹ bá ya ọ̀pá mítà 3 tó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 2.5 sínú rẹ̀, yóò béèrè kọ́ìlì tó tó microhenry 14.5 ní ìdí. Ohm 2 péré ló dúró fún agbára tó ń di ìgbì tó ń rìn jáde. Ibí ni irọ́ ti ń wọlé. Bí ẹ kò bá fi àdánù kankan sí kọ́ìlì, tí ẹ sì yan ilẹ̀ tí kò lábùkù, kọ̀ǹpútà yóò ní gbogbo agbára ló jáde. Bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì gidi tí Q rẹ̀ (ìwọ̀n bí kì í ṣe é fi agbára ṣòfò) jẹ́ 200 ń jẹ bí ohm 3, ilẹ̀ sì lè jẹ ohm 10. 2 nínú 15 nìyẹn: nínú watt 100, bíi 13 ló máa jáde, ìyókù á máa mú kọ́ìlì àti erùpẹ̀ gbóná. Ẹ sì ṣọ́ra fún ilẹ̀ tí EZNEC ń pè ní MININEC. Bí ilẹ̀ tí kò ní àdánù ló ṣe ń ṣírò impedance, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ ara yín fi ohm ilẹ̀ kún ìdí ọ̀pá.

Ohm 15 kò bá ohm 50 tí kébù fẹ́ mu. Kọ́ìlì kejì, kékeré, bíi microhenry 0.73, láti ẹnu kébù sí ilẹ̀, ló máa bá wọn ṣe é. Ẹ kàn dín kọ́ìlì ńlá kù sí 14.0. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa yí i.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí àwọn èèyàn ṣe ń yọ̀ torí SWR 1:1, ìyẹn àmì pé áńtẹ́nà bá kébù mu. Bí ilẹ̀ bá burú débi pé ó ń jẹ ohm 45, àpapọ̀ á di 50 géérégé, SWR á gún régé láìsí kọ́ìlì kejì rárá, ṣùgbọ́n watt 4 péré ló ń jáde nínú 100. Bí ẹ bá wá tẹ́ wáyà sí i yí ìdí ọ̀pá ká, tí SWR sì burú sí i, ẹ má fòyà: ohun tí ilẹ̀ ń jẹ ti dín kù nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni kọ́ìlì kékeré wúlò.

Ẹ̀yin ará Park Hill, kí ẹ tó náwó sórí amplifáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdánù kọ́ìlì àti ti ilẹ̀ sínú ìṣirò yín, kí ẹ sì ra wáyà tí ẹ ó tẹ́ sílẹ̀.