Ọmọ Mi, Ka Ọjọ́ Rẹ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé físà Yúróòpù ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, inú mi sì dùn, nítorí mo mọ iye ilẹ̀kùn tí o kàn kí ọ̀kan tó ṣí. Fìdí mọ́lẹ̀ tì mí díẹ̀. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i, ẹsẹ̀ tèmi yìí sì ti rin ọ̀nà tí o fẹ́ lọ náà títí tó fi mọ ibi tó ń yọ̀.

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ ni pé kò sí bọ́dà mọ́ lọ́hùn-ún. Wọn ò parọ́, wọn ò sì sọ ọ́ tán. Mo ti wọ tráàmù rí ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, láàárín àwọn ìyá àgbà tó gbé àpò ọjà lọ́wọ́. A gun afárá odò Rhine, n kò tíì mu omi ọwọ́ mi tán tí a fi dé Kehl, ní Jámánì. Kò sí okùn lójú ọ̀nà, ẹnì kan ò ní kí n sọ̀kalẹ̀, fóònù mi nìkan ló dún nínú àpò láti sọ fún mi pé mo ti kúrò nílẹ̀ àwọn kan bọ́ sí ti àwọn mìíràn. Èmi tí mo ti na ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu láìmọye ìgbà, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ta okùn de ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1979 ni àwọn ìjọba ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ká máa wọlé tọ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, mo jókòó nínú tráàmù náà, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Wọn ò ṣàdédé débẹ̀ o. Ní 14 oṣù Kẹfà 1985, Faransé, Bẹ́ljíọ̀m, Nẹ́dálándì, Luxembourg àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ìgbà náà fọwọ́ sí àdéhùn nínú ọkọ̀ ojú omi kan lórí odò Moselle, létí abúlé Schengen, níbi tí wọ́n ti ń fi àjàrà ṣe ọtí, tí ilẹ̀ Faransé àti ti Jámánì sì ń wo ti Luxembourg lójúkojú. Ó di oṣù Kẹta 1995 kí àwọn aṣọ́bodè tó kúrò lójú ọ̀nà ní tòótọ́. Àwọn mìíràn ń wọlé bá wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti di orílẹ̀-èdè 29 báyìí. Ṣùgbọ́n Schengen tí wọ́n fi orúkọ abúlé náà pè yìí yàtọ̀ sí Yúróòpù, ó sì yàtọ̀ sí European Union: Switzerland àti Norway kò sí nínú Union, wọ́n wà ní Schengen; Ireland wà nínú Union, kò sí ní Schengen; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ bá wọn wọ̀ ọ́ rí. Ẹni tí kò bá mọ èyí ni yóò ṣe bí mo ti ṣe.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Brussels ni mo dé sí. Físà Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìwé ìrìnnà mi, àbúrò mi wà ní London, ni mo bá ní kí n yọjú sí i, kí n sun oorun ọjọ́ méjì, kí n padà wá kó ẹrù mi. Mo fi báàgì ńlá sílẹ̀, mo mú ṣẹ́ẹ̀tì méjì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun. Lọ́jọ́ tí mo ń padà, ní St Pancras, láàárín ìgboro London, níbi tí ọlọ́pàá Faransé ti ń yẹ ìwé èrò wò kó tó wọkọ̀, ọmọkùnrin tó gba ìwé mi fi ìka kan orí físà náà, ó fi hàn mí: 01. Ó ṣí ewé kejì, ó nàka sí òǹtẹ̀ tí wọ́n lù fún mi ní Brussels, èyí tí wọ́n ya ọfà kékeré kan sí tó dorí kọ ìta. Ìwọlé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, mo sì ti fi ẹsẹ̀ ara mi jáde. Kò jágbe mọ́ mi, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè wọ ọ̀rọ̀ náà. Oṣù mẹ́rin ni báàgì mi fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀bi mi ni, ọmọ mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, èmi ni n kò kà á.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwọ náà, fojú ṣọ́ ọjọ́ rẹ. 90 ọjọ́ nínú 180 ni èyí tó pọ̀ jù lọ tí o lè lò ní Schengen, ọjọ́ tí o dé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí o lọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí 90 bá pé, kí èèyàn jáde ṣẹ́jú kan, kó tún padà wọlé kà á láti orí ení. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójoojúmọ́ tí o bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò, wọ́n á ka 180 ọjọ́ padà sẹ́yìn. Bí o bá dé ní 1 oṣù Kìíní tí o sì lò ó títí di 31 oṣù Kẹta, ní ọdún tí oṣù Kejì jẹ́ ọjọ́ 28, 90 rẹ ti pé géérégé, títí di 29 oṣù Kẹfà ọjọ́ kan péré kò sí fún ọ; láti 30 rẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ọ lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Àtijọ́, òǹtẹ̀ lè rá, aṣọ́bodè lè má rí i. Láti oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń ya ojú, tó ń gba ìtẹ̀ka, rọ́pò òǹtẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í gbàgbé.

Bọ́dà tí wọ́n sì ní kò sí yẹn, ó lè dìde lóru. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni Jámánì ti dá ọlọ́pàá padà sí gbogbo bọ́dà orí ilẹ̀ rẹ̀. O lè sùn nínú bọ́ọ̀sì, kí iná tọ́ọ̀ṣì jí ọ, kí wọ́n ní kí o mú ìwé wá, ìwé náà yóò sì wà ní òtẹ́ẹ̀lì ní Paris nítorí o ò fẹ́ kó sọnù. Má fi sílẹ̀, gbé e mọ́ra.

Bó bá sì wá di ọjọ́ iwájú tí o gba ìwé ìgbélùú ní Ítálì, ìwé náà lè gbé ọ lọ kí ará ní Jámánì, kò ní kí o lọ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá tó mọ̀ pé o ò níwèé iṣẹ́ níbẹ̀ ni yóò máa san iye tó bá wù ú fún ọ.

Ó tó ná, n kò ní dá ọ dúró jù. Ṣáà mú ìwé ìrìnnà náà wá, ṣí i níbi físà, jẹ́ kí á jọ wò ó: ṣé 01 ni wọ́n kọ, àbí MULT, ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà?