Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àròkọ Alárìíyànjiyàn – Dídá Kọ́ Ọkọ̀ Akẹ́rù Wíwà àti Jíjọ Kọ́ Ọ

Orí-ọ̀rọ̀: Kí ènìyàn méjì jọ kọ́ ọkọ̀ akẹ́rù wíwà sàn ju kí ẹnì kan dá a kọ́ lọ.

A. Àlàyé lórí ìbéèrè

Nínú àròkọ alárìíyànjiyàn, iṣẹ́ rẹ ni láti mú ìhà kan, kí o sì ti ìhà náà lẹ́yìn pẹ̀lú ìdí tí ó yè kooro. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa to àǹfààní ìhà kìn-ín-ní, wọn a to ti ìhà kejì tẹ̀ lé e, wọn a sì parí rẹ̀ pé méjèèjì ló dára. Irú àròkọ bẹ́ẹ̀ kò jiyàn kankan. Má ṣe bú ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ, má sì kí alága tàbí adájọ́ àfi bí ìbéèrè bá sọ pé orí ìtàgé àríyànjiyàn ni o wà.

Ka orí-ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n dárúkọ, kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí àwọn ìdí tí o kọ bá lè bá iṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ káfíńtà mu láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, mọ̀ pé o kò tí ì dáhùn ìbéèrè. Kíyè sí i pẹ̀lú pé "dídá kọ́" kò túmọ̀ sí kíkọ́ láìní olùkọ́. Òfin kò gbà kí ẹni tí ń kọ́ ọkọ̀ máa wà á láìsí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀ náà. Ohun tí à ń jiyàn lé lórí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan sí olùkọ́ kan, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì sí olùkọ́ kan.

B. Ìkójọ èrò

Kí o tó kọ gbólóhùn kan, wá ìdí tí ó lágbára jù lọ ní ìhà kejì. Ní tòótọ́, ẹni tí ó gbà pé dídá kọ́ ló sàn ní ìdí kan tí kò ṣeé fojú fò: ẹni tí ó dá kọ́ ní ó ń di sítíárìn mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí o kò bá dáhùn èyí, àròkọ rẹ yóò mẹ́hẹ. Mú bébà àkọ́kọ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò kékeré kan a máa lágbára ju òwe márùn-ún lọ.

D. Ìlapa èrò

(i) Ìfáàrà: ìwúlò ọkọ̀ akẹ́rù àti ìhà tí mo wà.
(ii) Títóbi ọkọ̀: ohun tí ẹni tí ó wà nílẹ̀ ń rí.
(iii) Kíkọ́ ọgbọ́n lára àṣìṣe ẹlòmíràn.
(iv) Àṣà ìkọ́ṣẹ́ awakọ̀ láyé àtijọ́.
(v) Èrò ìhà kejì àti ìdáhùn sí i.
(vi) Ìkádìí.

E. Àwòṣe àròkọ

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹsẹ̀ tí ọjà fi ń rìn. Bí agbégilódò bá kó gẹdú jáde láti inú igbó, tàbí tí lọ́rì bá kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí ọjà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, awakọ̀ ni ó gbé e dé. Nítorí náà, ọ̀nà tí a gbà kọ́ awakọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ń rìn lójú títì. Èrò tèmi ni pé kí ènìyàn méjì jọ kọ́ ọkọ̀ akẹ́rù wíwà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan sàn ju kí ẹnì kan dá a kọ́ lọ.

Èkínní, ọkọ̀ akẹ́rù tóbi ju ibi tí ojú ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ lè ká lọ. Apá òsì ni àga awakọ̀ wà ní ilẹ̀ wa. Ọmọdé tí ó bá dúró nítòsí táyà iwájú lápá ọ̀tún, tàbí ọlọ́kadà tí ó bá sún mọ́ ìdí ọkọ̀ pẹ́kípẹ́kí, lè má hàn sí awakọ̀ rárá. Ẹni tí ó dá kọ́ yóò gbọ́ èyí lẹ́nu olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ẹlòmíràn kọ́ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí ẹnì kejì bá ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, òun ni yóò dúró nílẹ̀ tí yóò máa júwe ọ̀nà fún un. Bí ó bá jẹ́ tírélà ni, yóò rí i kedere pé òdìkejì ibi tí a yí sítíárìn sí ni ìdí tírélà ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá tún padà sórí àga awakọ̀, yóò mọ ibi tí díńgí kò dé.

Èkejì, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ kì í gbádùn. Àyà rẹ̀ a máa já, kì í sì í gbọ́ ìdajì ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ẹni tí ó jókòó tì í ló ní etí. Bí ọkọ̀ tí ó ru ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tẹ bíréèkì láìdáwọ́ dúró, bíréèkì yóò gbóná, agbára rẹ̀ yóò sì máa dín kù. Olùkọ́ á ní kí ó ti bọ́ sí gíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá a dá ọkọ̀ dúró. Bákan náà, afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá fi ń ṣe bíréèkì. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí afẹ́fẹ́ náà kún tó kí ó tó gbéra. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, ènìyàn méjì ni ìbáwí yóò kọ́.

Ẹ̀kẹta, àṣà wa ti fi ìdí èyí múlẹ̀. Láyé ìgbà tí àwọn lọ́rì onípákó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó àti Iléṣà, mọ́tò-bọ́ọ̀ì ni ènìyàn kọ́kọ́ ń jẹ́. Yóò máa fi igi dí táyà lórí òkè, yóò máa júwe ọ̀nà fún ọ̀gá, yóò sì máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì fún ọjọ́ pípẹ́ kí ọ̀gá tó gbà á láyè láti di sítíárìn mú. Ìlànà ojú pópó pàápàá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá mọ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, asán ni ìmọ̀ ẹnì kan ì bá jẹ́ bí àwọn yòókù kò bá mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ń wo ẹni tí ń jẹun kì í yó. Wọ́n ní bí ènìyàn méjì bá pín wákàtí 20, wákàtí 10 péré ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí sítíárìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo owó pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí tí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ni a ń san owó lé lórí, owó tí ẹnì kan yóò fi dá san wákàtí 20 ni ẹni méjì yóò jọ fi san wákàtí 40 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá mú irú iye bẹ́ẹ̀ wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò wa ọkọ̀ fún wákàtí 20, yóò sì tún fi wákàtí 20 mìíràn wo ẹnì kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò dín, ojú rẹ̀ sì ti lé. Ọjọ́ nìkan ni jíjọ kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí mo fi kún un ni pé kí wọ́n má ju méjì lọ, kí aago sì máa pín àkókò láàárín wọn. Ọ̀gá tí ó bá kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà sínú ọkọ̀ kan kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ìkádìí, ẹni tí ó ń kánjú lè dá ọkọ̀ akẹ́rù kọ́, kí ó sì tètè gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ń sọdá títì kò mọ iye ọjọ́ tí awakọ̀ fi kọ́ṣẹ́; bí awakọ̀ bá rí òun ni ó ṣe pàtàkì sí i. Ẹni tí ó ti dúró nílẹ̀ wo ọkọ̀, tí ó sì ti jókòó lókè wà á, ni ó lè rí i. Nítorí ìdí yìí, ó dá mi lójú pé jíjọ kọ́ ló sàn.

Ẹ. Àkíyèsí lórí àwòṣe

(1) Akọ̀wé sọ ìhà tí ó wà ní ìpínrọ̀ kìn-ín-ní. Kò fi pamọ́ títí di ìparí.

(2) Òwe méjì péré ni ó lò. Ó lo ọ̀kan láti ti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì fi èkejì sẹ́nu àwọn tí wọ́n ń ta kò ó. Má ṣe kó òwe jọ bí ẹni kó igi ìdáná.

(3) Ìpínrọ̀ karùn-ún ni ọkàn àròkọ yìí. Ó gbà pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà kejì, ó sì fi ìṣirò dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá sá fún ìdí tí ó le jù, òǹkàwé yóò mọ̀ pé ó sá.

(4) Akọ̀wé fi gbèdéke sí ìhà tirẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ má ju méjì lọ. Gbèdéke kò sọ àríyànjiyàn di aláìlágbára. Ó ń fi hàn pé o ro ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀.

(5) Bí o bá fẹ́ mú ìhà kejì, ìdí rere wà níbẹ̀. Ẹnì kan lè tètè mọ ọkọ̀ ju ẹnì kejì lọ, kí ọ̀kan sì máa fa èkejì sẹ́yìn. Olójo lè má fẹ́ ṣe àṣìṣe lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti rí iṣẹ́, tí wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún, kò ní ọjọ́ púpọ̀ láti ná. Ìhà tí ó bá wù ọ́ ni kí o mú, ṣùgbọ́n fi ẹ̀rí gbè é.

F. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kọ ìpínrọ̀ karùn-ún àwòṣe yìí padà bí ẹni tí ó gbà pé dídá kọ́ ló sàn. Lo ìṣirò.
2. Ṣe ìlapa èrò fún orí-ọ̀rọ̀ yìí: *Kíkọ́ṣẹ́ awakọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá sàn ju lílọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lọ.*
3. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú wọn. Ka iye ẹyọ ọ̀rọ̀ rẹ, kí o sì fi àkókò sílẹ̀ láti yẹ àmì ohùn àti sípẹ́lì rẹ wò.