Bí Ẹnu Adìẹ Bá Gùn Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ́pẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun ò léyín; ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì bí? Òótọ́ ni pé adìẹ ò léyín. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gbé mì ló ń bá a lọ oúnjẹ nínú iwe. Iṣẹ́ tó kù, àgógó ẹnu rẹ̀ ló ń ṣe é: òun ló fi ń ṣa oúnjẹ, òun ló fi ń tún ìyẹ́ rẹ̀ tò, òun náà ló fi ń yọ kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lára. Adìẹ tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọ́, ebi lè pa á níwájú àwo oúnjẹ tó kún.

Ẹ fi àgógó náà wé èékánná wa. Ó ń hù títí ayé ẹyẹ náà, èèpo ìta rẹ̀ le, a sì lè gé ṣóńṣó orí rẹ̀ láìdun ún. Ṣùgbọ́n ẹran ààyè ń bẹ nínú, àti ẹ̀jẹ̀, àti egungun. Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri àdúgbò kì í sábà ní wàhálà ẹnu tó gùn jù. Bó bá ti jẹun tán, á fẹnu nulẹ̀ lọ́tùn-ún, á fi nù ún lósì, á tún fi họ òkúta. Bí ẹnu ṣe ń hù ni ilẹ̀ ń jẹ ẹ́. Èyí tí a fẹ́ràn wá ńkọ́, tí a ò fẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ tàbí kí àwòdì gbé, tí a tì mọ́ kéèjì, tí lẹ́búlẹ́bú pákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí oúnjẹ lílọ̀ wà nínú ike níwájú rẹ̀? Ìfẹ́ la fi tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹnu ni kẹ́ ẹ gé o. Ti òkè máa ń yọ díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Ìgbà tó bá ti tẹ̀ kọdọrọ bo ti ìsàlẹ̀, tí adìẹ ń ṣá àgbàdo tí àgbàdo ń já bọ́, ni ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí àgógó bá ṣe ń gùn sí i ni ẹran ààyè inú rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé e. Adìẹ tí ẹ bá rà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, tí wọ́n ti fi irin gbígbóná gé lẹ́nu ní kékeré, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gùn ju tòkè lọ. Ẹ má gbìyànjú láti mú méjèèjì dọ́gba. Bó bá ti ń rí oúnjẹ jẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí ara rẹ̀ ò bá balẹ̀, ọwọ́ ẹ̀yin náà ò ní balẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gé ẹnu rẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí ooru ń mú. Alẹ́ ló dáa, torí adìẹ kì í ríran dáadáa lókùnkùn. Bí ẹ bá gbé e níbi tó sùn sí, kò ní janpata. Ẹ fi tówẹ̀lì wé e tapá-tẹsẹ̀, kí orí nìkan yọ síta, kí ẹnì kejì gbé e lé itan. Ẹ kìlọ̀ fún onítọ̀hún dáadáa kó má fún un láyà. Egungun àyà adìẹ gbọ́dọ̀ máa lọ síwá sẹ́yìn kí atẹ́gùn tó lè wọlé. Ẹni tó bá dì í mú pinpin níbẹ̀ lè pa á kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ rárá. Ẹ má dí ihò imú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ àgógó náà. Bó bá jẹ́ funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó rí i pé iná ń gba ṣóńṣó orí rẹ̀ kọjá. Ibi tó ti ń ṣókùnkùn, ibẹ̀ ni ẹran ààyè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dé ibẹ̀. Ohun tí a fi ń gé èékánná ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ọ̀bẹ, kì í ṣe àlùmọ́gàjí, torí wọ́n lè la àgógó náà. Ẹ ya ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ahọ́n ò sí lábẹ́ irin. Ẹ gé tíntín, ẹ tún tan iná wò, ẹ tún gé tíntín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáìlì tí àwọn obìnrin fi ń tún èékánná ṣe rẹ́ etí àgógó náà kó dán. Adìẹ tí ẹnu rẹ̀ dúdú, tí iná ò lè gbà kọjá, fáìlì nìkan ni kẹ́ ẹ lò fún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bó bá gùn púpọ̀, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ fi fúláwà tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mímọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá dá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má dá a padà sáàárín àwọn yòókù kó tó gbẹ. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀, wọn ò ní yé ṣá a níbẹ̀. Ẹ fi omi po oúnjẹ rẹ̀ kó rọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ yín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wá bíríkì kan tàbí òkúta pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun sínú kéèjì náà, kẹ́ ẹ máa da oúnjẹ lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó máa jáde tẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ. Èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ látinú ẹyin, tí tòkè yà sọ́tùn-ún tí ti ìsàlẹ̀ yà sósì, òkúta ò lè tún un ṣe. Yóò máa fẹ́ rírẹ́ látìgbàdégbà. Abọ́ tó jìn ni kẹ́ ẹ máa bu oúnjẹ rẹ̀ sí, kó lè máa bù ú jẹ dípò kó máa ṣà á, ẹ má sì jẹ́ kó sàba lórí ẹyin ara rẹ̀, torí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ìran.