Àbúrò Mi, Bó O Bá Fẹ́ Kan Ọkọ̀ ní Pedro

Àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọkọ̀ kíkàn kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Àwọn ìyá àti ọmọge tó ń ta oúnjẹ lójú omi Mákòkó, ṣé ọkùnrin ló ń tukọ̀ fún wọn ni? Ọwọ́ ara wọn náà ni. Ìwọ tó ò ń gbé Pedro ní Èkó, tí etí ọ̀sà Bàrígà ò jìnnà sí ọ, kí ló dé tó fi jẹ́ inú dánfó lórí afárá Third Mainland nìkan lo ti ń wo omi?

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ọ kó o tó ná kọ́bọ̀. Omi ò bìkítà fún pẹ́ńtì tó ń dán. Etí pákó, ojú sùkúrù, abẹ́ igun tí ọwọ́ ò dé, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ibi tí àlejò ò ní rí ni kó o náwó sí jù.

Kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, níhà Ìlàjẹ Bàrígà tàbí Àgọ́ Ègùn. Kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá tó ń kan ọkọ̀, mú nǹkan tútù dání, kó o sì ní kí wọ́n jẹ́ kó o wòran. Àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn ti ń jogún iṣẹ́ yìí bọ̀ tipẹ́. Wo bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ àárín pákó méjì, tí wọ́n ń gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ̀dà dúdú tó gbóná lé e. Kò sẹ́ni tó ń kánjú níbẹ̀. Sùúrù ọwọ́ wọn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó o lọ wò.

Ṣùgbọ́n má fi irú tiwọn bẹ̀rẹ̀. Pákó ńlá gba agbára àti ojú tó ti mọ́ iṣẹ́. Pláíwúùdù ni tiwa. Ní 1947, Clark Mills ya ọkọ̀ Optimist fún àwọn ọmọdé ìlú Clearwater ní Florida. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 2.3, ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 35, ọmọdé ló sì yẹ. Fún ìwọ, Mirror ni mo fẹ́ kó o wò, tí Jack Holt àti Barry Bucknell gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Mítà 3.3 ni, iye tí wọ́n ti kàn sì lé ní 70,000, ọ̀pọ̀ wọn láti ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe káfíńtà rárá. Wọ́n á lu ihò sí etí pákó, wọ́n á fi wáyà bàbà gán an pọ̀ bí télọ̀ ṣe ń gán aṣọ kó tó rán an, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi gọ́ọ̀mù àti aṣọ fíbà dí ojú rẹ̀ nínú àti lóde. Àwọn tó ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe mọ aṣọ fíbà yẹn dáadáa. Bi wọ́n léèrè.

Kó o tó ge pákó, ge páálí. Ṣómólú ìlú àwọn atẹ̀wé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, wàá rí àjẹkù páálí líle rà lówó pọ́ọ́kú. Ya ọkọ̀ náà ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ge é, fi tépù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò bá pàdé nínú páálí, wọn ò ní pàdé nínú igi. Wọn ẹnu ọ̀nà àti géètì yín náà, kí ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ jáde, kó o sì fi tó ìyá onílé létí, torí eruku àti òórùn ń bọ̀.

Wàyí o, pákó. Bí wọ́n bá pe nǹkan ní “marine board” lọ́jà, má tíì ṣí pọ́ọ̀sì. Èyí tí awọ dúdú bò, tí wọ́n ń tò kí wọ́n tó da kọnkéré dẹ́kì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é. Tọrọ ẹ̀rún kan, sè é fún wákàtí kan nínú ìkòkò tó ò ń kó dànù, sá a kó gbẹ, kó o tún un sè. Bí ìpele rẹ̀ bá ń ṣí kúrò lára ara wọn, máa wá òmíràn lọ. Bó bá dúró gírígírí, wo etí rẹ̀ fínnífínní bóyá àlàfo wà láàárín ìpele.

Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń ṣe àga, má mú un sún mọ́ ọkọ̀. Gọ́ọ̀mù epoxy ni kó o rà, ibẹ̀ sì ni owó ń lọ jù. Pò ó díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo gẹ́lẹ́, kó o sì dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ kíá. Bó bá pẹ́ nínú ife, á gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi máa rú èéfín, ooru Èkó á tún ràn án lọ́wọ́. Wọ ìbọ̀wọ́, bo imú bó o bá ń ha igi. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó kan ara rẹ: ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́. Fi kun gbogbo etí pákó títí wọn ò fi ní mu ún mọ́, kó o wá fi pẹ́ńtì bò ó, torí oòrùn ń bà á jẹ́.

Di kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó o dé pinpin mọ́ abẹ́ ìjókòó, níwájú àti lẹ́yìn, kí ọkọ̀ lè léfòó bó tilẹ̀ kún fómi. Life jacket ńkọ́? LASWA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi ìpínlẹ̀ Èkó láti 2008, ti sọ ọ́ di dandan fáwọn tó ń wọkọ̀. Ìwọ náà, wọ̀ ọ́. Fi ọmọlanke gbé ọkọ̀ lọ sétí omi láàárọ̀, torí atẹ́gùn máa ń ru ọ̀sà sókè lọ́sàn-án. Sanwó fún ọ̀kan nínú àwọn bàbá wọ̀nyẹn kó wà nítòsí nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Má jẹ́ kí ọkọ̀ sùn sómi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ bá wọ ọ̀sà, kòkòrò kan wà tó ń gbẹ́ igi láti inú, ẹni tó dúró lóde ò ní mọ̀. Gbé e padà sílé, fi omi ẹ̀rọ ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, kó o dojú rẹ̀ dé orí búlọ́ọ̀kù kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀.