Àwárí Lobìnrin Ń Wá Nǹkan Ọbẹ̀: Àṣírí Mi fún Ìwọ Tó Ń Ṣe Ìwádìí

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Mo mọ̀ pé o ti dé ọdún tó kẹ́yìn ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, físíọ́lọ́jì tàbí ìlera àwùjọ, wọ́n sì ti fún ọ ní supervisor. Àyà rẹ ń já. Fọkàn balẹ̀. Nọ́ọ̀sì lèmi náà kà, mo ti ṣe project yẹn rí, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ sí ọ létí.

Dín ìbéèrè rẹ kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín gbogbo obìnrin ìpínlẹ̀ wa ni mo kọ́kọ́ gbé lọ bá supervisor mi. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Èló ni owó ọkọ̀ rẹ?” Mo padà sílé, mo gé e kù sí ọjà kan àti ìbéèrè kan: mélòó nínú àwọn obìnrin ọjà yìí ni ẹ̀jẹ̀ wọn ga tí wọn kò mọ̀? Bí o kò bá lè sọ ìbéèrè tìrẹ fún màmá rẹ ní gbólóhùn kan kó yé wọn, ó ṣì tóbi jù.

Má fi owó ra ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. PubMed, níbi tí a ti ń wá ìwé ìwádìí ìlera lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í gba kọ́bọ̀. Bi àwọn ará láíbìrì yín nípa Hinari, tí àjọ ìlera àgbáyé dá sílẹ̀ ní 2002 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè rí ìwé ìwádìí kà. Ìwé tí o bá kà lónìí, fi í sínú Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá wa to ìwé ìtọ́kasí, lónìí. Èmi fi tèmi di ìkẹyìn, oorun òru mẹ́ta ló bá a lọ.

Tètè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ethics. Má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí náà, máa fi àsìkò yẹn kọ orí kìíní dé ìkẹta. Bí o bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn, ṣàlàyé kó yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì kọjá.

Ka iye ènìyàn tí o nílò. Fọ́múlà Cochran ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Bí o kò bá mọ bí àìsàn náà ṣe wọ́pọ̀ tó, tí o fi ìdajì sí i, tí o sì gba àṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láyè, 384 ni yóò fún ọ. Fi nǹkan bí ogójì kún un, torí àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò ní parí.

Èyí ni mo fẹ́ràn jù: yẹ Yorùbá rẹ wò dáadáa. Bí o bá béèrè pé, “Ṣé ibà ṣe yín lóṣù yìí?”, ẹnì kan yóò dáhùn torí ara gbígbóná, ẹlòmíràn torí pé ó rẹ̀ ẹ́, ẹnì kan péré ló ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ara yín gbóná? Ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò? Kí ni wọ́n sọ? Màmá kan sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ti lọ, torí àwọn kì í bínú mọ́. Ìbínú ni wọ́n gbọ́ nínú “ríru”.

Ọgbọ́n tí mo ń dá nìyí: jẹ́ kí ẹnì kan túmọ̀ ìbéèrè rẹ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Òyìnbó rí dá a padà sí Òyìnbó. Ibi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni kí o tún ṣe. Lẹ́yìn náà, lọ dán an wò ní ọjà mìíràn, kì í ṣe ní èyí tí o máa lò.

Jókòó tì wọ́n. Kọ́kọ́ kí ìyálọ́jà. Lọ nígbà tí ọjà bá dá. Jẹ́ kí màmá sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí o tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, má sì pariwo ohun tí o rí. Bí ó bá tó 180 lórí 120, pa bírò tì. Mú wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún màmá aláta kan. Gbogbo iṣẹ́ mi dúró lọ́jọ́ yẹn, n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Padà lọ jíṣẹ́. Lẹ́yìn tí mo gbèjà iṣẹ́ mi tán, mo padà sí ọjà náà. Màmá aláta sún àpótí fún mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí lo wá rí?”

Gbólóhùn kan ni mo fi dá wọn lóhùn, ó sì yé wọn.