Bí Kọ̀ǹpútà Tuntun Bá Kọ̀ Láti Gba Ubuntu

Owó tí òbí fi ń ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ ní Ìmáṣàyí kì í ṣe owó kékeré. Owó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni nígbà púpọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá fẹ́ fi Ubuntu sí ẹ̀rọ tuntun, tí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn, àyà gbogbo ilé a já, wọn a sì gbé e lọ fún ẹni tí yóò gba owó mìíràn. Lójú tiwa, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Ibi tí iṣẹ́ ti dúró ni kí a kọ́kọ́ wá.

Lórí Linux ni a kọ́ Ubuntu lé. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó sì dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Ọ̀rọ̀ Súlú àti Xhosa ni orúkọ náà, kò sì jìnnà sí ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. A kì í sanwó kí a tó lò ó, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ náà lè wo bí a ti kọ ọ́, kí ó tún un ṣe.

Ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Ìhìn Rere Lúùkù ní láti jókòó ṣírò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò tiwa ni pé kí a kó gbogbo fáìlì wa pamọ́ sí ibòmíràn, kí bátìrì sì kún, nítorí iná wa kì í dágbére kí ó tó lọ.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí fláṣì, ẹ wádìí bí a ti ṣe fláṣì náà. Ọ̀pọ̀ kàn ń da fáìlì ISO sínú rẹ̀ bí ẹni ń da orin. Kò lè jí bẹ́ẹ̀. Rufus tàbí balenaEtcher ni a fi ń kọ ọ́ sí i. Bí ẹ̀rọ bá ti ń jí, a ó tẹ F12 lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, tàbí F9 lórí HP, láti yan fláṣì. Fáìlì Ubuntu 24.04 ju gígábáìtì 5 lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ó lè má pé. Nọ́ńbà SHA256 tí àwọn tí ó ṣe é gbé jáde ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn lẹ́yìn èyí, a ó padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, a ó tẹ e, a ó fi nomodeset kún ìparí ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, a ó sì tẹ F10.

Èyí tí ó ń dẹ́rù bani jù ni kí ètò náà sọ pé òun kò rí dísìkì kankan. Dísìkì náà kò kú. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun tí ó ń lo Intel, ètò kan tí a ń pè ní RST ni ó bò ó mọ́lẹ̀. A ó wọ inú BIOS, a ó sì yí i sí AHCI. Ṣùgbọ́n ẹni tí Windows rẹ̀ ṣì wúlò kò gbọdọ̀ kánjú. Kí ó kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé, kí ó pàṣẹ fún Windows láti jí ní Safe Mode, kí ó ṣe àyípadà náà, kí ó jẹ́ kí Windows jí lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó mú àṣẹ náà kúrò. Bákan náà, ẹni tí ó bá tẹ Erase disk ti pa ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀ rẹ́.

Bí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, a ó fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó tan USB tethering, a ó sì ṣí Additional Drivers kí ó wá ohun tí ó kù. Dátà díẹ̀ ni yóò gbà. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ sí Settings, níbi Keyboard, a ó fi Yoruba kún un, a ó sì lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ bí a ti ń kọ wọ́n.