Epo Ló Dànù, Odò Ló Fọ́

Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìtùnú ni àwọn àgbà fi òwe yìí ṣe. Ọmọ tó ti odò bọ̀ tó kọsẹ̀, tí omi inú agbè rẹ̀ sì dà, a ó ní kó má sunkún: odò ṣì wà níbẹ̀, agbè ṣì wà lọ́wọ́, yóò padà lọ pọn òmíràn. Abiyamọ tó pàdánù ọmọ tuntun, tí òun fúnra rẹ̀ là á já, òwe yìí kan náà la fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ibi tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn ni èbúté kan ní Badagry, ọ̀nà òdì ni wọ́n sì gbà lò ó. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwa mẹ́jọ la fẹ́ kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, láti rin ojú ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú rìn dé etí òkun. A ti jókòó sínú ọkọ̀, a ti wọ jákẹ́ẹ̀tì wa, kí ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ tó rántí pé epo òun kò tó. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lé èjìká, ó ti ike omi tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ bọ ẹnu táǹkì pé kó ṣe àrọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Ìgbì tí ọkọ̀ mìíràn dá sílẹ̀ gbé wa sókè. Ike yẹ̀. Epo ṣàn sí ìdí ọkọ̀, èyí tó kù gba etí ọkọ̀ já sínú ọ̀sà. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú omi yí padà. Ó ń dán, ó pọ́n, ó ṣe búlúù, àfi bí ẹni pé wọ́n tẹ́ òṣùmàrè sílẹ̀ bí ẹní. Ọmọ kékeré kan tó wà pẹ̀lú wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá àgbà kan tó ń tu ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kọjá, tí agbọ̀n akàn wà níwájú rẹ̀, kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn yí àjẹ̀ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí mo ké sí ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Mi ò bá a jà. Ọmọ dáadáa ni, ara gbogbo wa sì ti wà lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Omi tó bá dà, ilẹ̀ ló máa mu ún. Epo tó bá dà sínú ọ̀sà, ta ni yóò mu ún? Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò fọ́ lóòótọ́. Odò gan-an ló fọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo irú omi tó jẹ́. Iyanrìn Gbẹ̀rẹ̀fú ló dínà láàárín ọ̀sà Badagry àti òkun. Omi náà nà lọ sí ìwọ̀-oòrùn dé Àjàṣẹ́, ó nà sí ìlà-oòrùn dé Èkó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ibi tó ti la ẹnu sí òkun, àfi kí ẹ lọ títí dé èbúté Èkó tàbí Kútọnu. Nítorí náà, ohun tí a bá dà sí i ní Badagry kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Omi a gbé e lọ díẹ̀, omi a tún gbé e padà. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, ó máa ń léfòó, ó sì máa ń tàn tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìwọ̀nba kọ́ọ̀pù kan lè bo ojú omi tó fẹ̀. Apá kan rẹ̀ á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Apá kan á wọ inú omi, ibẹ̀ sì ni májèlé rẹ̀ wà fún ẹyin ẹja àti ọmọ edé tó ń gbé ìtòsí ojú omi, àti ní ìdí àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja Ògù ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè wá yé sí i. Ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì kì í tilẹ̀ fẹ́ lọ bọ̀rọ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi etí omi ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1998, páìpù Mobil bẹ́ ní Idoho lójú òkun Akwa Ibom. Nǹkan bí 40,000 àgbá epo rọ̀bì ló dà, ó sì rìn títí dé etíkun Èkó. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NOSDRA sílẹ̀ láti máa mójú tó irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ wo ló máa wá ka epo tó dà láti etí ọkọ̀ kan ṣoṣo? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá ń da ìdá kan nínú mẹ́rin lítà kan nù nígbàkígbà tó bá bu epo, tó sì ń bu epo lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́, lítà 150 ló dà sí ọ̀sà lọ́dún yẹn. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà gbáko ni. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ mọ iye tí kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà jẹ́. Èyí jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ kan, ọkọ̀ tó wà létí ọ̀sà yìí kò sì ṣeé fi ìka kà.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú epo tó ń dà. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, kí èrò tó wọ ọkọ̀ ni kí ẹ ti bu epo, bí èrò bá sì ti wọlé, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bínú sí ọlọ́kọ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀mí rẹ̀. Táǹkì tó ṣeé gbé, ẹ gbé e kúrò nínú ọkọ̀, ẹ gbé e sórí ilẹ̀, níbi tí ìgbì kò ti lè mì í. Bó bá dà síbẹ̀, ẹ ó rí i, ẹ ó sì lè fi yanrìn gbá a. Ẹ ra àrọ gidi tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìrù rẹ̀ wọ ẹnu táǹkì dáadáa, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ yí ọrùn rẹ̀ ká. Èyí tó tún sàn ju àrọ lọ ni rọ́bà tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún kí epo lè ṣàn. Mo bẹ yín, ẹ má fi ẹnu fa epo. Epo tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn.

Ẹ má jẹ́ kí táǹkì kún dé ẹnu. Ooru máa ń mú epo wú. Èyí tí ẹ bù ní òwúrọ̀ kùtù, tí ilẹ̀ ṣì tutù, yóò wá àyè sí i bí oòrùn ọ̀sán bá mú. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ fàájì yín wá láti Èkó fún ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí pé inú ọkọ̀ ni táǹkì tiyín wà, ó sì ní ihò ìmí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Táǹkì tó bá kún jù, ihò yẹn ló máa ń gbà tu epo sínú omi, ẹ lè má mọ̀ rárá. Ẹ fi etí sí i bí epo ṣe ń wọlé: bí ìró rẹ̀ bá ti ń le sí i tó sì ń yára, ó ti ń kún nìyẹn. Ẹ má sì fi ọwọ́ sílẹ̀ lára irin tó ń fún epo kí ẹ lọ máa ya fọ́tò.

Iná ńkọ́? Òórùn epo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, epo gan-an ló ti di afẹ́fẹ́. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń lọ bá, ibẹ̀ ni yóò ti dúró de iná kékeré tó máa ṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa sìgá. Bí ẹ bá bu epo tán, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sínú ọkọ̀, kí ẹ fi imú wá a ní ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i.

Nítòsí ààlà Sẹ̀mẹ̀, gbogbo wa la ti mọ epo inú kẹ́ẹ̀gì àti inú ìgò. A máa ń dà á láti kẹ́ẹ̀gì sí kẹ́ẹ̀gì, láti kẹ́ẹ̀gì sí ike, láti ike sí táǹkì. Bí iye ìgbà tí a dà á bá ṣe pọ̀ tó, ni àyè tó fi máa dànù ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹ bá lè gbé táǹkì lọ sí ilé epo kí wọ́n bu ú sí i tààrà, ẹ ti gba ara yín lọ́wọ́ ìdàkudà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni kí táǹkì dúró lé nígbà tí wọ́n bá ń bu ú, kì í ṣe ẹ̀yìn mọ́tò.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó dà sí omi ńkọ́? Mo ti rí àwọn tó ń da ọṣẹ Omo lé e lórí, tí ojú omi sì mọ́ lójú wọn. Ọṣẹ kì í lé epo lọ. Ó kàn ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kó lè rì lọ bá ẹja nísàlẹ̀ ni. Ohun tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ni nǹkan tó ń fa epo mu, Ọlọ́run sì ti fún wa. Òwú àràbà tí ìyá wa ń ki sínú ìrọ̀rí, epo ló máa ń fà mu, kì í gba omi. Fọ́nrán èèpo àgbọn náà ń fa epo, Badagry kò sì ṣaláìní àgbọn. Ẹ di ún sínú àpò tí wọ́n fi àwọ̀n rán, ẹ so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ níbi tí omi máa ń gbára jọ sí. Omi ìdí ọkọ̀ tó bá ń rùn epo, ẹ má gbọ́n ọn sí ọ̀sà. Ẹ bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e gòkè.

Ìyá alákàn tí mo rí lọ́jọ́ yẹn kò ní odò mìíràn tó máa lọ. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, nígbà tí epo bá tún tán lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé táǹkì sórí ilẹ̀.